Ẹ Kọ́kọ́ Gbọ́ Ohùn Yàrá Yín

Kí n tó wọnú ọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ dín ohùn rédíò yín kù díẹ̀, kí ẹ wá pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, kó dún dáadáa. Mo ń dúró dè yín.

Ẹ ti ṣe é? Ẹni tó wà ní pálọ̀ onítáìlì, tí àga ibẹ̀ kò pọ̀, tí kò sì sí kọ́tìnnì lójú fèrèsé, á ti gbọ́ pé nǹkan kan tẹ̀lé àtẹ́wọ́ náà, ìró tín-ín-rín kan tó ń sá lọ sá bọ̀ láàárín ògiri kó tó kú. Ẹni tó wà ní ìyẹ̀wù lórí bẹ́ẹ̀dì, tí aṣọ kún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, àtẹ́wọ́ nìkan ló gbọ́: pà, ó tán. Ẹni tó ń wakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kúrò lórí sítíárìn o. A máa kan mọ́tò náà láìpẹ́.

Ọ̀rọ̀ nípa gbígba orin sílẹ̀ nínú ilé ni mo mú wá lónìí. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ṣe é ti pọ̀ rẹpẹtẹ, láti Ìbàdàn dé Ìkòròdú, láti Òṣogbo dé Àkúrẹ́: ẹnì kan, kọ̀ǹpútà kan, máíkì kan, ilẹ̀kùn títì. Inú mi máa ń dùn sí wọn. Ohun tó ń dùn mí ni ibi tí owó wọn ń gbà lọ. Ọmọ á tu owó jọ títí, á fi ra máíkì, á gbé e dé yàrá tó ṣófo, á kọrin sí i, á gbọ́ ọ padà, á sì rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Máíkì náà lè má ní àléébù kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe: ó gbọ́ akọrin, ó gbọ́ ògiri, ó gbọ́ àjà, ó gbọ́ táìlì, ó sì kó gbogbo rẹ̀ wá papọ̀. Bí máíkì bá ṣe dára tó ni yóò ṣe gbé àléébù yàrá wá kedere tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé yàrá ni kó kọ́kọ́ náwó lé, kí máíkì wá tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà ní 1895. Ní Yunifásítì Harvard, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan tí wọ́n ń pè ní Fogg. Gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀, ó rẹwà lójú, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí olùkọ́ bá sọ á máa dún nìṣó ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, nígbà tí ọ̀rọ̀ mẹ́wàá mìíràn á ti gorí rẹ̀. Wọ́n gbé wàhálà náà fún ọ̀dọ́ olùkọ́ físíìsì kan, Wallace Clement Sabine, ẹni ọdún 27. Sabine mú fèrè dùùrù kan, ó wá ẹ̀rọ tó ń ka àkókò, ó sì lọ yá tìmùtìmù orí àga ní gbọ̀ngàn eré kan ládùúgbò náà, Sanders Theatre. Lóru ló ń ṣe iṣẹ́ náà, nígbà tí ariwo ọkọ̀ ìgboro bá ti rọlẹ̀. Òun àti àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ á gbé tìmùtìmù díẹ̀ wọlé, wọ́n á fun fèrè, wọ́n á dá a dúró lójijì, wọ́n á sì ka bí ìró náà ṣe pẹ́ tó kó tó kú. Wọ́n á gbé díẹ̀ sí i, wọ́n á tún kà á. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti kó tìmùtìmù padà síbi tí wọ́n ti yá a. Nígbà tí gbogbo tìmùtìmù wọlé tán, ìró tó ń pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ ti di bíi ìṣẹ́jú àáyá kan.

Iṣẹ́ òru yẹn ló bí òfin tí àwọn tó ń kọ́ gbọ̀ngàn orin ń tẹ̀lé títí dòní: bí yàrá bá ṣe tóbi tó ni ìró ń pẹ́ níbẹ̀ tó, bí ohun rírọ̀ inú rẹ̀ bá sì ṣe pọ̀ tó ni ìró ń tètè kú tó. Symphony Hall ti ìlú Boston, tí wọ́n ṣí ní 1900, ni gbọ̀ngàn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi òfin náà kọ́, títí di òní àwọn olórin ṣì ń yìn ín. Ìtàn yìí wù mí nítorí pé ohun èlò tí Sabine lò, kò sí ilé wa tí kò sí. Tìmùtìmù ni. A ní bẹ́ẹ̀dì, a ní aṣọ, a sì ní òru.

Ẹ wá wo yàrá tiwa. Búlọ́ọ̀kù la fi kọ́ ọ, simẹ́ǹtì la fi rẹ́ ẹ, a kùn ún, a tẹ́ táìlì sílẹ̀. Ilé tó lágbára ni. Ṣùgbọ́n ohùn tó bá kan irú ògiri bẹ́ẹ̀, tí a bá pín in sí ọ̀nà 100, bíi 97 nínú rẹ̀ ló ń padà. Á kan ògiri kejì, á tún padà. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà nínú yàrá tó fẹ̀ ní mítà 3, ó lè kan ògiri ju ìgbà 100 lọ kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé.

Yàrá tó dọ́gba níhà gbogbo ló burú jù, irú rẹ̀ ló sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa: ẹsẹ̀ bàtà 10 ní òró, 10 ní ìbú, àjà rẹ̀ náà ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Ohùn béèsì máa ń gùn. Ìgbì ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 57 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan gùn tó mítà 6, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ mítà 3, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 10 ti yàrá yẹn gẹ́lẹ́. Ìgbì náà á há sáàárín ògiri méjì, á máa gun ara rẹ̀ lórí, á máa wú. Èyí tó ń gbọ̀n ní ìgbà 114 á ṣe bákan náà. Bí òró, ìbú àti gíga bá wá dọ́gba, ẹ̀ẹ̀mẹta ni yàrá ń ti ohùn kan ṣoṣo yìí lẹ́yìn. Ẹ sì mọ̀ pé ìtòsí 114 yẹn ni ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń wà nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Fún àwa tó ń fi Yorùbá kọrin, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, àwọn ló ń gbé ìtumọ̀ wa. Bí yàrá bá ń fẹ ohùn ìsàlẹ̀ nìkan, akọrin á kọ gbólóhùn kan tó dán mọ́rán, ìsàlẹ̀ á wú, òkè á rù, etí olùgbọ́ á sì máa ṣiṣẹ́ kó tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹ lè wá ibi tí yàrá yín ti ń wú láìná kọ́bọ̀. Ẹ kojú sí igun yàrá, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hùn láti ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ máa fà á gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó dé ibì kan tí yàrá á gba ohùn náà lọ́wọ́ yín, tí á wú lójijì láìjẹ́ pé ẹ fi agbára kún un. Níbẹ̀ ni ìṣòro wà. Ilé ìwẹ̀ la ti mọ̀ ọ́n jù, òun ló ń jẹ́ kí orin dùn ún kọ níbẹ̀.

Ní ọjà Alábà àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fóòmù tín-ín-rín onígun ṣóńṣó ni wọ́n máa ń tà fún ẹni tó bá béèrè ohun tí wọ́n fi ń tún sítúdíò ṣe. Ó dára nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n fóòmù tí kò nípọn ju íńṣì kan lọ, àwọn ìró tín-ín-rín òkè lọ́hùn-ún nìkan ló rí mú: "s" inú ọ̀rọ̀, ìró ṣaworo, dídán ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Béèsì kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà lára ògiri. Bí ẹ bá wá lẹ̀ ẹ́ yí yàrá ká, dídán inú ohùn lẹ pa, wíwú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí, orin á sì ṣú dùdù. Páálí ẹyin ńkọ́? Kò dí ariwo, kò mú béèsì, iná ló sì máa ń tètè ràn mọ́ ọn. Nínú yàrá tí wáyà kún tó bẹ́ẹ̀, tí iná ń lọ tó ń bọ̀, mi ò fẹ́ rí páálí ẹyin lára ògiri ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ohun tó lè mú béèsì ni ohun tó nípọn, tó rọ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, tí ẹ sì gbé sí igun yàrá, nítorí igun ni agbára béèsì ti ń kó jọ jù. Ẹni tó bá lówó díẹ̀, kó ra rockwool, irú èyí tí wọ́n fi ń wé páìpù gbígbóná ní ilé iṣẹ́ ńlá. Kí káfíńtà kan férémù pákó tó jìn ní íńṣì 4, kí ẹ kó rockwool sínú rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ bò ó, kí ẹ sì fi àyè bí íńṣì 4 sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ bo imú, torí ó máa ń yúnni lára. Aṣọ wo ni kí ẹ fi bò ó? Ẹ gbé aṣọ náà bo ẹnu, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí èémí bá kọjá wẹ́rẹ́, ohùn náà á kọjá. Àǹkárá tó fúyẹ́ ṣeé lò. Ọ̀rá kò ṣeé lò.

Ẹni tí kò bá tíì lówó, kó wo inú ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì fóòmù tó nípọn ní íńṣì 8, tí ẹ nà dúró sí igun, á ṣe ju gbogbo fóòmù ṣóńṣó inú ọjà lọ. Wọ́dúróòbù tí aṣọ kún, tí ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ń ṣiṣẹ́. Báàgì Ghana-Must-Go méjì mẹ́ta tí aṣọ kún, tí ẹ tò léra ní igun, ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn sórí táìlì. Ẹ fa kọ́tìnnì tó wúwo bo fèrèsé, ìlọ́po méjì.

Ibi tí ẹ máa gbé nǹkan rírọ̀ wọ̀nyí sí tún ṣe pàtàkì, ọ̀pọ̀ sì ń ṣì í gbé. Ẹ̀yìn máíkì ni wọ́n ń lẹ fóòmù sí. Ẹ jẹ́ ká rò ó: ojú máíkì kọ akọrin, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ògiri tí wọ́n lẹ nǹkan sí. Ọ̀pọ̀ máíkì tí wọ́n fi ń gba orin kì í gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa, iwájú ló kọ etí sí. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni akọrin àti ògiri ẹ̀yìn akọrin. Ẹ̀yìn akọrin gan-an ni bẹ́ẹ̀dì yẹ kó wà.

Mo sọ pé a máa kan mọ́tò. Mọ́tò tó dúró, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, tí gíláàsì rẹ̀ wà lókè, àga fóòmù yí èèyàn ká nínú rẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi bo àjà rẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ kún fún èrò lè gba ohùn sílẹ̀ ní ìjókòó ẹ̀yìn, kó sì dùn ún gbọ́. Ooru ni ìṣòro ibẹ̀. Ẹ máa ṣí ilẹ̀kùn lẹ́yìn ẹsẹ orin kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ o, títún ohùn yàrá ṣe yàtọ̀ sí dídí ariwo ìta. Fóòmù, aṣọ, rockwool, kò sí èyí tó lè dá jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò dúró. Ohun wíwúwo ló ń dá ariwo dúró: ògiri búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀kùn pákó gidi, kí gbogbo àlàfo sì dí pátápátá. Ihò tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, tó gba ìka ọwọ́ kan péré, ń gbé ariwo wọlé ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ ká aṣọ, kí ẹ fi dí i. Fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ tó ń ṣí tó ń pa, kò sí oògùn rẹ̀ tó rọrùn, àfi kí ẹ yan àkókò. Láàárín aago méjì sí mẹ́rin òru, kí àwọn ìpè àdúrà àti agogo ìjọsìn tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ àdúgbò wa máa ń pa rọ́rọ́. Bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, ẹ lọ sùn.

Ti iná náà tún wà níbẹ̀. Iná tiwa ń gbọ̀n ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìkùn tó sì máa ń wọ inú orin, "ùùùù" kan tí kì í dákẹ́, 50 yẹn àti ìlọ́po rẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ ṣájà kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi bátìrì rẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi fóònù sí ipò ọkọ̀ òfuurufú, nítorí "tí-tí-tí" tó máa ń wọ sípíkà kí ìpè tó wọlé, inú orin yín náà ló ń lọ. Nǹkan kan sì wà tí mo ń bẹ̀ yín lé lórí: ẹ má torí pé ẹ fẹ́ dín ariwo jẹnẹrétọ̀ kù gbé e wọ kọ́rídọ̀ tàbí ilé ìdáná. Èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tí yóò jí ẹni tó ń sùn. Ó ń pa odindi ìdílé lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jẹ́ kí orin ní ariwo díẹ̀.

Ó wá kan máíkì, mo sì máa fi èyí tó wà níwájú mi yìí ṣe àpẹẹrẹ. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ bọ̀, ẹnu mi jìnnà sí i bíi kí n na àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín mi tán. Ní báyìí mo ti sún mọ́ ọn, ètè mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ẹ gbọ́ bí ohùn mi ṣe nípọn? Mi ò yí ohùn padà. Bí wọ́n ṣe ṣe máíkì yìí ni, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù, ó ń fi béèsì kún ohùn rẹ̀. Ó yá, mo ti fà sẹ́yìn wàyí, ó tó ìgbésẹ̀ méjì. Ohùn mi ti rù, yàrá tí mo wà lẹ wá ń gbọ́. Mo ti padà sí àyè mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé: bí ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí máíkì, agbára ohùn yín tó ń dé ibẹ̀ á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ti ògiri kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dínkù rárá. Ẹni tí yàrá rẹ̀ kò tíì dára, kó sún mọ́ máíkì, kó yí ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí "p" àti "b" má máa fọ́, kó sì ta ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó mọ́ sórí wáyà háńgà tí ó ká rìbìtì, kó gbé e sáàárín.

Irú máíkì méjì ló wà lọ́jà jù. Dynamic kò nílò iná; Shure SM58, tó jáde ní 1966, ni gbogbo yín mọ̀ jù nínú wọn, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà o. Ẹ gbé e lọ́wọ́ kí ẹ tó sanwó. Ojúlówó rẹ̀ wúwo tó bíi gíráàmù 300. Condenser ń béèrè iná fólítì 48 láti ara interface, ẹ̀rọ kékeré tó ń so máíkì pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ń mú ohùn tín-ín-rín dáadáa, a sì máa ń dúró jìnnà sí i díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń kó yàrá wá. Lójú tèmi, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá búlọ́ọ̀kù, dynamic ni kó rà, kó fi ìyókù owó ra rockwool.

Ọ̀rọ̀ ìjìnnà yìí ti pẹ́ kí máíkì tó dé. Ní 1922, Josiah Jesse Ransome-Kuti, àlùfáà ará Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin Yorùbá tó lé ní ogójì sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà yẹn, iná kò tíì wọ iṣẹ́ gbígba orin sílẹ̀. 1925 ló tó wọ̀ ọ́. Ìwo ńlá kan ni wọ́n ń kọrin sí. Agbára ohùn èèyàn nìkan ló ń gbọn awọ pẹlẹbẹ tó wà ní ìdí ìwo, awọ náà ló ń ti abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ló ń fín ohùn sára ìda. Kò sí bọ́tìnnì tí wọ́n lè yí. Ohun èlò tó bá dún jù, wọ́n á sún un sẹ́yìn. Ẹni tí ohùn rẹ̀ kéré, wọ́n á fà á sún mọ́ ìwo. Ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá, àwọn àwo wọ̀nyí ṣì wà. Ìjìnnà nìkan ni wọ́n fi ṣètò ohùn inú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìyáàlù, torí òun ni wọ́n ń ṣe báṣubàṣu jù nínú orin tí wọ́n gbà nílé. Ìró mẹ́ta ló ń jáde lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ìgbálù ọ̀pá, tó le, tó sì yá; ohùn awọ fúnra rẹ̀, tó ń gòkè tó ń sọ̀ bí ọwọ́ ṣe ń fún ọsán; àti ṣaworo létí rẹ̀. Ẹni tó bá ti máíkì mọ́ ojú awọ, ọ̀pá ló máa gbà, ọ̀rọ̀ ìlù á sọnù. Ẹ fi máíkì jìnnà tó gígùn apá kan sí i, kí ẹ gbé e ga díẹ̀ ju ìlù lọ, kí ẹ sì yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó má kọjú sí awọ tààrà. Láti ibẹ̀ ni ohùn awọ ti máa ń pé. Ṣùgbọ́n bí máíkì ṣe jìnnà yẹn, yàrá ti wọlé, nítorí náà ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn sí ẹ̀yìn onílù. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó lu èyí tó le jù tó mọ̀, kí ẹ ṣètò ìwọ̀n ohùn sí ibẹ̀, kí òǹkà inú kọ̀ǹpútà má kọjá -12. Bí orin bá gbóná, onílù á kọjá ibi tó lù nígbà tí ẹ ń dán an wò. Ohùn tó bá sì kọjá 0 nínú kọ̀ǹpútà ti gé, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Ẹ má bẹ̀rù pé ó kéré jù. Bí ẹ bá fi 24-bit gbà á, àyè pọ̀ fún yín láti gbé e sókè lẹ́yìn náà.

Ẹ má fi compressor tẹ ìyáàlù mọ́lẹ̀ títí gbogbo ìlù rẹ̀ á fi dọ́gba. Nínú ìlù rírọ̀, èyí tó dà bí ẹni pé ọ̀pá kàn fara kan awọ, ni ìparí ọ̀rọ̀ máa ń wà. Auto-Tune náà ńkọ́? Andy Hildebrand tó ṣe é jáde ní 1997 ti fi ìmọ̀ ìgbì ohùn wá epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀ rí. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, kò sì sí ohun tó burú níbi kí olórin fi ṣe orin ijó. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fa ohùn lọ sórí nóòtì dùùrù tó bá sún mọ́ ọn jù. Rárà kò sí lórí nóòtì dùùrù. Ìjálá kò sí níbẹ̀. Ẹkún ìyàwó kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fi Auto-Tune kan rárà, ó ti tún rárà náà kọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé kò sí bí iṣẹ́ inú ilé ṣe lè bá ti sítúdíò ńlá dọ́gba. Ní oṣù kìíní ọdún 1982, olórin Amẹ́ríkà kan, Bruce Springsteen, jókòó sínú yàrá ní ilé tó háyà ní Colts Neck, ìpínlẹ̀ New Jersey, pẹ̀lú máíkì Shure SM57 méjì àti ẹ̀rọ káséètì oníọ̀nà mẹ́rin ti Tascam. Ó rò pé àpẹẹrẹ lásán lòun ń gbà, kí ẹgbẹ́ òun wá tún un ṣe ní sítúdíò. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀, kò dùn tó ti káséètì. Káséètì náà ló di àwo Nebraska ní ọdún yẹn. Àwo tí olórin kan, Billie Eilish, gbé jáde ní 2019, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Finneas gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìyẹ̀wù ẹ̀gbọ́n náà, nílé òbí wọn ní Los Angeles. Àwo náà gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo tó dára jù lọ lọ́dún ní January 2020. Billie kì í pariwo kọrin. Ó sún mọ́ máíkì, ó ń kọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ohùn jẹ́jẹ́ kì í jí ògiri.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ jù pé kí ẹ fi ìmọ̀ yìí ṣe, kì í ṣe orin tí ẹ fẹ́ gbé jáde. Ẹ ní ìyá àgbà nílé tó mọ oríkì orílẹ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ ní bàbá kan ní abúlé tó ṣì ń sun rárà. Fóònù ọwọ́ yín tó láti gbà wọ́n sílẹ̀ lónìí. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó sí pálọ̀ nítorí pé ibẹ̀ ló lẹ́wà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ lọ sí ìyẹ̀wù wọn, níbi tí bẹ́ẹ̀dì wà, tí àpótí aṣọ wà. Ẹ jẹ́ kí àgbà jókòó kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ aṣọ. Ẹ gbé fóònù náà sórí ìrọ̀rí, kó jìnnà sí ẹnu wọn ní ìwọ̀n àtàǹpàkò sí ọmọńdinrín tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kó má wà lórí tábìlì pákó tó ń gbọ̀n. Bí ètò inú fóònù bá gbà yín láyè láti yan irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní WAV, ẹ yàn án. Ẹ pa fáànù. Ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú kan kọjá tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, kí ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀ pẹ̀lú, torí ẹni tó bá máa nu ariwo kúrò lẹ́yìn náà á nílò rẹ̀. Ẹ má já lu ọ̀rọ̀ wọn, kódà bí wọ́n bá ṣìṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un sọ fúnra wọn. Ẹ sì yọ fíríìjì kúrò lára iná, nítorí ìkùn rẹ̀ ń la ògiri kọjá. Àwọn tó ń gba ohùn fíìmù ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń dá síbẹ̀: wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn sínú fíríìjì tí wọ́n pa, kí wọ́n má baà lè lọ sílé láìtàn án padà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹja ìyá àgbà má baà bàjẹ́.